Kì í ṣe etí nìkan

Ìròyìn kan tí mo kà sọ pé etí nìkan làwọn olórin tí kò ríran fi ń kọ́ orin. Rárá o. Louis Braille fúnra rẹ̀, afọ́jú tó ṣe ìlànà àmì tó yọ sókè lórí ìwé táwọn afọ́jú ń fi ìka kà, tó sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Paris, ti fi àmì orin sínú ìwé tó gbé jáde ní 1829. Lónìí, àmì lẹ́tà d nínú ìlànà Braille ló dúró fún ohùn C nínú orin, e fún D (ó ń dani lórí rú, mo mọ̀), títí dé j. Àmọ́ ọwọ́ tó ń kàwé kò lè tẹ dùùrù. Onídùùrù á fi òsì kà, á fi ọ̀tún tẹ̀ ẹ́, á tún yí i padà, á kó gbogbo rẹ̀ sórí kó tó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀. Akọrin ló ń jẹ̀gbádùn: ẹnu ń kọrin, ìka ń kàwé.