Jíjẹ́ ọmọ ECOWAS nìkan kò tó láti ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Gánà

Bí ọ̀rọ̀ òwò Gánà bá ti délẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé, "Ṣebí ọmọ ECOWAS ni wá? Ta ló máa dí wa lọ́wọ́?" Àwọn tó ti ta ilẹ̀ bàbá wọn láti fi wá owó òwò ń sọ ọ́, àwọn tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn náà ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òótọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ yẹn, ó sì ń ba owó àwọn èèyàn wa jẹ́.

Mo mọ ibi tó ti wá. Ní May 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì láìgba físà fún 90 ọjọ́, kó lè máa gbé ibẹ̀ tó bá yá, kó sì lè dá òwò sílẹ̀ níkẹyìn. Ti físà yẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ lè gbéra l'Ékòó, kọjá Cotonou àti Lomé, kí ẹ sì gba ibodè Aflao wọ Gánà láìgba físà kankan. Ti òwò ni kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin Gánà fúnra rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ibẹ̀ ń lò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Òfin tí wọ́n ṣe ní 2013 lórí ìdókòwò, Act 865, ya àwọn iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ fún ọmọ Gánà nìkan. Ẹ fara balẹ̀ kà á: títajà nínú ọjà tàbí ní ìsọ̀ níbikíbi, ìkiri, ilé ìgerun àti ilé ìṣerun, títẹ káàdì ìpè, ṣíṣe ìwé ìkọ̀wé àwọn ọmọ iléèwé, ṣíṣe omi inú ọ̀rá àti títà á, títa oògùn òyìnbó ní wẹ́wẹ́, iṣẹ́ takisí tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá tó 25. Mélòó nínú iṣẹ́ tí àwọn ará wa ń torí ẹ̀ di ẹrù ni kò sí níbẹ̀? Ẹni tó fẹ́ lọ ṣí ilé ìgerun ní Kasoa, owó kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Bó kó owó kún àpò, òfin yẹn kò gbà á láyè.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe káràkátà tó ju ti ìsọ̀ lọ, òfin kan náà ní kó mú mílíọ̀nù kan dọ́là wá, kó sì gba ọmọ Gánà 20 tó mọṣẹ́. Fún iṣẹ́ mìíràn tí àjèjì fẹ́ dá ní, 500,000 dọ́là ni. Bí ọmọ Gánà bá ní ìpín tí kò dín sí 10% nínú rẹ̀, 200,000. Kò yọ ọmọ ECOWAS sílẹ̀. Ìjọba lè tún òfin ṣe nígbàkigbà, nítorí náà ẹ bèèrè èyí tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ.

Ní 2019 àti 2020, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà pa ní Accra, títí kan agbègbè Kwame Nkrumah Circle. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní àdéhùn ECOWAS dáàbò bò wọ́n, èmi náà sì gbà pé àwíjàre wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àgádágodo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọjà wà nínú, àwọn tó yá wọn lówó sì ń pè. Femi Gbajabiamila, tó jẹ́ olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin nígbà náà, lọ sí Accra ní September 2020 láti bá àwọn aláṣẹ Gánà sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho àti Ṣakí kò ṣàjèjì sí irú èyí. Ní November 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn Yorùbá tó ti gbilẹ̀ nínú ọjà Tamale fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀ wálé. Ká má sì gbàgbé pé Nàìjíríà náà ṣe òfin ní 1972 tó fi búrẹ́dì ṣíṣe, ìfọṣọ àti irun ṣíṣe sọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà nìkan.

Kì í ṣe pé kí ẹ má lọ o. Òfin 2013 yẹn kò ka iye owó wọ̀nyẹn lé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà jáde lórí, tàbí èyí tó ń kó ọjà lọ sílẹ̀ òkèèrè. Ọ̀nà wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ọwọ́. Èyí tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe ni kí ẹ fi orúkọ ọmọ Gánà kan bojú sórí ìwé lásán, torí lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, orúkọ tó wà nínú ìwé ni ilé ẹjọ́ máa kọ́kọ́ wò.

Ẹ fi 90 ọjọ́ yẹn wo ọjà. Ẹ lọ sí GIPC, iléeṣẹ́ ìjọba Gánà tó ń rí sí ìdókòwò, ní Accra, ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an, kí ẹ gba èsì wọn ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ bèèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwọlé àti ìjáde àjèjì (Immigration). Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó san owó ṣọ́ọ̀bù, nítorí ọ̀pọ̀ onílé ibẹ̀ máa ń gba owó ọdún kan tàbí méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.