Wọ́n ní gbígbá kóòdù mọ́ kì í ba nǹkan jẹ́: irọ́ ni

Bí ẹni tuntun bá dé sáàárín àwa tí à ń fi àkókò ara wa kọ sọ́fítíwià ọ̀fẹ́, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún un ni pé: "Má tíì fọwọ́ kan bọ́ọ̀gì, ìyẹn àṣìṣe inú ètò, o. Kọ́kọ́ bá wa gbá kóòdù mọ́ ná, kó o kàn tún un tò láìyí iṣẹ́ tó ń ṣe padà, ìyẹn ò lè ba nǹkan kan jẹ́."

Ó lè bà á jẹ́. Ní 2006, irinṣẹ́ Valgrind, tó máa ń ṣọ́ bí ètò ṣe ń lo mẹ́mọ́rì, ń kìlọ̀ ṣáá nípa OpenSSL, ètò tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń dáàbò bo ìsọfúnni, lọ́dọ̀ àwọn ará Debian, tí wọ́n ń ṣe ẹ̀yà kan lára Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà. Kí ìkìlọ̀ náà lè dákẹ́, wọ́n mú ìlà méjì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ó dákẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀kan nínú ìlà yẹn gan-an ló ń mú kí kọ́kọ́rọ́ ààbò kọ̀ọ̀kan dá yàtọ̀. Nígbà tó lọ tán, nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń fún ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nìkan ló kù láti fi yà wọ́n sọ́tọ̀, nọ́ńbà ọ̀hún kò sì ju 32,768 lọ. Olè lè gbìyànjú gbogbo rẹ̀ tán! Ó di Oṣù Karùn-ún 2008 kí àṣírí tó tú, ó sì ti ran Ubuntu, tí wọ́n kọ́ lórí Debian, náà.

Ìpalára kejì kì í pariwo. Ohun tó wọ́n jù láàárín wa ni àkókò ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò. Ẹgbẹ̀ta ìlà tí wọ́n kàn yí orúkọ inú rẹ̀ padà, dandan ni kó kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀gì tó ń da àwọn èèyàn láàmú á sì dúró dè é. Títò tuntun náà tún máa ń forí gbárí pẹ̀lú àwọn àtúnṣe tó wà nílẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ alábòójútó Linux kì í fi gba ìtúntò lásán, àyàfi nínú drivers/staging, àpò kóòdù tí kò tíì gún régé, tí wọ́n ti fàyè gbà á.

Mi ò ní ká fi ìdọ̀tí sílẹ̀ o. Ibi tí bọ́ọ̀gì bá mú yín dé ni kẹ́ ẹ gbá. Ẹ kọ ìdánwò tó fi bọ́ọ̀gì náà hàn, ẹ to kóòdù nínú commit kan (ìyẹn àkójọ àtúnṣe tí a fi pamọ́ lẹ́ẹ̀kan), kẹ́ ẹ wá yanjú bọ́ọ̀gì nínú òmíràn. Ní ti ẹni tuntun, ẹ fún un ní ẹ̀sùn bọ́ọ̀gì tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, kó wá ọ̀nà tí yóò fi ṣẹlẹ̀ lójú ara rẹ̀.