Mozart Kì í Ṣe Oògùn Ìsọ̀yè

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ kí àbúrò mi obìnrin kan tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje. Mo bá a lórí àga, ó fi púlásítà lẹ earpiece mọ́ ikùn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Mo ní kí lèyí? Ó ní, "Àǹtí mi, Mozart ni o. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé tọ́mọ bá ti ń gbọ́ ọ látinú oyún, ọpọlọ ẹ̀ á jí pépé. Àwọn òyìnbó ti ṣèwádìí ẹ̀." Mozart yìí ni òyìnbó tó kọ orin kíláásíkà, ó ti lé ní igba ọdún sẹ́yìn.

Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Kò síbi tí mi ò tíì gbọ́ ọ: níbi ìsọmọlórúkọ, lórí bẹ́ńṣì táwọn aboyún ti ń dúró de nọ́ọ̀sì, lẹ́nu àwọn oníjẹ́lé-ó-sinmi tó ń fi owó orin kún owó ilé ìwé. Àfi bíi pé oògùn ìsọ̀yè ni Mozart, tí wọ́n kàn ń gba etí lò ó dípò kí wọ́n fi sín gbẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, orin kíláásíkà ni mo fi ń jí, òun ni mo fi ń sùn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó máa bí mi nínú.

Òyìnbó ti ṣèwádìí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ìwádìí ọ̀hún. Oṣù kẹwàá ọdún 1993 ló jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn àwọn onísáyẹ́ǹsì. Frances Rauscher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Yunifásítì California tó wà ní Irvine ló ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ 36 ni wọ́n lò. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì o, àwọn tó ti hu irùngbọ̀n. Kò sí ọmọ ọwọ́ kankan níbẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti inú oyún. Wọ́n gbọ́ orin tí Mozart kọ fún píánò méjì, tí nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ń jẹ́ K. 448, fún ìṣẹ́jú 10. Nígbà mìíràn, kásẹ́ẹ̀tì tó ń sọ pé kéèyàn fara balẹ̀ ni wọ́n gbọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n kàn jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣe ìdánwò. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ sí IQ, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ọpọlọ ṣe jí pépé tó, Mozart fi nǹkan bíi máàkì 8 sí 9 lé èsì wọn. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ ti pòórá. Oṣù méjì ló kù kí àbúrò mi tó bímọ.

Ẹ ò sì ní gbà gbọ́ bí ìdánwò náà ṣe rí. Ẹ mú bébà kan, ẹ ká a sí méjì, ẹ tún un ká, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé igun kan kúrò. Ẹ wá bi ẹni tó jókòó tì yín pé: tá a bá tú u, báwo ló ṣe máa rí? Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni. Mo dán an wò lórí tábìlì ìjẹun pẹ̀lú ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Lẹ́yìn Mozart, ó ronú títí kó tó gbà á. Lẹ́yìn fújì tóun fúnra ẹ̀ gbé sí i, mi ò tíì gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ tó fi dáhùn, orí ẹ̀ ṣì ń mì tẹ̀lé ìlù. Mo mọ̀, ọmọ kan ò tó ẹ̀rí.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí. Ní 1999, Kristin Nantais àti Glenn Schellenberg tún un ṣe ní Kánádà. Wọ́n gbé Mozart sí i, èsì sàn ju ti ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ lọ. Wọ́n gbé orin Schubert sí i, òyìnbó míì tó kọ kíláásíkà, bákan náà ló rí. Wọ́n wá yọ ìjókòó jẹ́ẹ́ kúrò, wọ́n fi ìtàn kan tí Stephen King kọ rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n máa kà á sí àwọn èèyàn létí. Ìyàtọ̀ bá parẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn Mozart ju ìtàn lọ, Mozart ló ràn án lọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn, ìtàn ló ràn án lọ́wọ́. Nígbà tó di 2005, Schellenberg àti Susan Hallam gbé èsì àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí 8,000 jáde, ọlọ́dún 10 sí 11. Àwọn tó gbọ́ orin ìgbàlódé tí ẹgbẹ́ Blur àtàwọn míì kọ ló ṣe dáadáa ju àwọn tó gbọ́ Mozart lọ.

Ohun tó wù ẹ́ ló mú ara ẹ yá, ojú ẹ là, o wá yára díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Obì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ mọ́jú ìdánwò náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Vienna gan-an, ìlú tí Mozart ti kọ K. 448 lọ́dún 1781, Jakob Pietschnig àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí bí 40 jọ ní 2010, èyí tó kan èèyàn tó ju 3,000 lọ. Wọn ò rí agbára kankan tó jẹ́ ti Mozart nìkan. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ti ọmọ ọwọ́, ẹ bi àwọn olóṣèlú àti oníṣòwò. Ní 1998, Zell Miller, gómìnà Georgia ní Amẹ́ríkà, bèèrè fún 105,000 dọ́là kí wọ́n lè fún gbogbo ìkókó ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní orin kíláásíkà.

Ẹ máa ní ọmọ ọ̀gá yín gbọ́ Mozart, ó sì gba A mẹ́sàn-án. Ọmọ ọ̀gá yín náà ní olùkọ́ ilé mẹ́ta àti jẹnẹrétọ̀ tí kì í sinmi. Ọmọ mẹ́rin la jẹ́ nílé tiwa. Bàbá mi ní gíramafóònù, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday ló ń lo Mozart àti Handel fún wa. Èmi tí mo máa ń jókòó ti ẹ̀rọ náà títí àwo á fi parí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe mátíìsì WAEC. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó máa ń yọ́ gba ojú fèrèsé jáde lọ gbọ́ àpàlà lójúde ló wá di ẹnjiníà.

Mo gbà pé kíkọ́ orin lè yàtọ̀. Ní 2004, Schellenberg yìí náà rí i pé IQ àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n kọ́ ní píánò tàbí orin kíkọ lọ sókè díẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ. Díẹ̀ ni o. Ẹni tó ń kọ́ píánò ń ṣiṣẹ́. Ikùn tí wọ́n lẹ earpiece mọ́ ò ṣiṣẹ́ kankan.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn èèyàn kì í bi mí mọ́ pé èwo lẹ fẹ́ràn. Èwo ló dáa fún ọpọlọ ni wọ́n ń bi mí, bí ẹni ń ra pàràsítámọ̀. K. 448 tí wọ́n ń pariwo yìí, apá àkọ́kọ́ rẹ̀ máa ń rẹ̀ mí: píánò méjì ń léra wọn kiri bí ọmọ tó fọ́ àwo. Apá kejì ni tèmi, èyí tó rọra ń lọ. Tó bá dé ibẹ̀, mo máa ń dúró lórí ẹ̀fọ́ tí mò ń já. Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo kíláásíkà ayé, ti Fela Sowande tí wọ́n bí ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 1905 ni mo máa mú, African Suite tó kọ ní 1944 fún gòjé àti háàpù. Apá tó gbẹ̀yìn, Akinla, máa ń mú mi jó nídìí ààrò, t'èmi t'ọmọrogùn. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún mi pé ó ń fi kún IQ.

Mo ro gbogbo èyí fún àbúrò mi, ó ń mi orí, "bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ ni mà." Mo bi í pé orin wo lòun alára fẹ́ràn. Ojú tì í díẹ̀, ó ní jùjú. Kí n tó jáde, ó ti ṣí púlásítà apá ọ̀tún. Ó ní tapá òsì á ṣì wà níbẹ̀ ná, pé dátà tóun fi wa orin ọ̀hún jáde ò kéré.