Ìyàngbò Ìrẹsì Wà ní Ìmọ̀ta, Ẹ Yéé Bẹ̀bẹ̀ fún Sìmẹ́ǹtì

Mínísítà Iṣẹ́, David Umahi, pe àwọn oníléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì jọ sí Àbújá ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì 2024. Wọ́n fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000 lórí àpò kan, oníkálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Irú àdéhùn báyìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ta sí wa létí. Ní oṣù Kẹwàá 2023, BUA kéde ₦3,500 ní ẹnu géètì iléeṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rí i rà ní ìsọ̀ ní ohun tó sún mọ́ iye yẹn, kó wá fi rìsíìtì hàn wá.

Ìpàdé kò burú. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti ń wí bọ̀ ni pé ẹ̀bẹ̀ nìkan kọ́ ni oògùn ọ̀wọ́n. Ohun tí a lè pò mọ́ sìmẹ́ǹtì kó tó wa lò, kó sì tún lágbára, wà nílẹ̀ yìí, ààtàn là ń dà á sí: ìyàngbò ìrẹsì, bí a bá jó o di eérú.

Bí sìmẹ́ǹtì bá pàdé omi, ó máa ń tu ohun kan sílẹ̀ bí ẹfun, tí kò ṣe ogiri láǹfààní kan lọ títí. Eérú ìyàngbò kún fún sílíkà, èròjà kan tó wà nínú yanrìn, òun ló ń gbá ohun náà mú tí wọ́n á jọ di líle. Bí eérú tí wọ́n jó dáadáa bá rọ́pò nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sìmẹ́ǹtì, àpòpọ̀ náà sábà máa ń le ju ti sìmẹ́ǹtì nìkan lọ bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. "Jó dáadáa" yẹn ni ìdí ọ̀rọ̀ o. Iná tó bá gbóná jù, tó kọjá nǹkan bí 700 ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ń pa agbára sílíkà náà. Eérú dúdú tí wọ́n kàn tiná bọ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀rọ ìrẹsì, omi ni yóò máa mu.

Ọgbọ́n báyìí kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn amọ̀kòkò Ìlọrin ń ti ìkòkò gbígbóná bọ omi èèpo èso igi tí a fi ń ṣe irú, àwọn ará Òkè Ọya sì ń fi irú omi yẹn rẹ́ ogiri amọ̀ kí òjò má baà jẹ ẹ́. Ẹni tó ń ṣe irú mọ ibi tí èèpo náà ń bọ́ sí.

Iléeṣẹ́ ìrẹsì ìjọba Èkó ní Ìmọ̀ta, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kìíní 2023, ni wọ́n ní ó lè lọ tónù 32 ní wákàtí kan. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìrẹsì tí a kò tíì bó ni ìyàngbò. Bí a bá jó ìyàngbò, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ ló ń di eérú. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí ẹ̀rọ náà bá ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, eérú á lé ní tónù kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

NBRRI, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí ilé kíkọ́ àti ọ̀nà, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1978, ní ibùdó ní Ọ̀tà níbí. Àwọn yunifásítì wa ti kọ̀wé lórí eérú yìí débi pé eku ló kù tó ń kà á. Kí la tún ń dúró dè? Kí SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, sọ irú eérú tó yẹ, ìdá tó gbọ́dọ̀ jẹ́ àti iṣẹ́ tí wọ́n lè fi ṣe. Kí ìjọba kọ́kọ́ fi rẹ́ ilé ara rẹ̀. A kò ní kí ẹnikẹ́ni dà á sí òpó ilé alájà mẹ́wàá lọ́la. Ara pilásítà àti àpòpọ̀ tí a fi ń to búlọ́ọ̀kù ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí bíríkìlà sì máa wọ́n ọn lómi pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, torí kì í tètè gan.

Àwọn kan ní oníbúlọ́ọ̀kù yóò sọ ọ́ di jìbìtì. Jìbìtì wo ló tún kù? Ẹni tó ń fi àpò kan tẹ ìlọ́po méjì iye búlọ́ọ̀kù tó yẹ ti dín sìmẹ́ǹtì kù tipẹ́, yanrìn lásán ló fi dípò. Bí owó àpò bá ti fò sókè báyìí, yanrìn náà ló ń pọ̀ sí i. A wí i lẹ́yìn tí ilé wó ní Ìta Fàájì l'Ékòó ní 2019, a tún un wí lẹ́yìn ti Ìkòyí ní 2021: ibi tí wọ́n ti ń tẹ búlọ́ọ̀kù ni kí wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe inú àwókù!

Ní oṣù Kejì 2024 yẹn, ìjọba halẹ̀ pé òun lè ṣí ẹnubodè kí sìmẹ́ǹtì òkèèrè wọlé. Láti Ìmọ̀ta sí Ọ̀tà, kò sí kọ́sítọ́ọ̀mù kankan lójú ọ̀nà.