Ẹ Má Kàn Sọ Pé Òfì Ló Fi Tọ́ Wa

Láti ìgbà tí bàbá mi, tó ń fi òfì hun aṣọ òkè, ti jáde láyé, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo èèyàn ń tẹnu mọ́. Àwọn tó wá kí wa nílé sọ ọ́, àwọn tó pè lórí fóònù sọ ọ́, àlùfáà tó ṣe wàásù níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ sọ ọ́, ó sì tún un sọ: "Ọkùnrin yìí gbìyànjú. Òfì lásán-làsàn ló fi rán gbogbo ọmọ ẹ̀ níwèé." Mo mọ̀ pé ìyìn ni wọ́n fi ń yìn ín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi irú rẹ̀ san án fún ara wa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí, kò sì yẹ kí n gbé e mì.

Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé iṣẹ́ ìyà ni bàbá mi ṣe, pé àwa ọmọ ni èrè ìyà náà. Torí pé ẹnì kan di tíṣà, tí ẹnì kan di nọ́ọ̀sì, tí ẹnì kan jókòó sí báńkì, òfì wá níyì. Tí a ò bá kàwé ńkọ́? Ṣé lásán ni ì bá ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀? Ahunṣọ ni bàbá mi, ahunṣọ tó mọṣẹ́ dójú àmì. Ká tilẹ̀ ní kò bí ọmọ kankan, aṣọ tó hun tó ohun tí ìlú lè torí ẹ̀ dìde kí i.

Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ká kàwé o, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti fẹ́ máa káàánú rẹ̀, ojú rẹ̀ á yí padà. "Ẹ má ṣàánú mi o. Mi ò ṣiṣẹ́ ìyà."

Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló ti ṣiṣẹ́ títí agbára fi dín kù. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ̀ pé agboolé wà tó jẹ́ pé ìró òfì ni wọ́n fi ń jí. Ẹ ó rí òwú tó nà gbọọrọ láti ojú òfì lọ síwájú, tí wọ́n gbé òkúta lé ìparí rẹ̀ kó lè le dáadáa. Bí ahunṣọ bá ṣe ń hun, tó ń ká èyí tó ti hun mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni òkúta yẹn ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi kì í wo aago nídìí iṣẹ́. Á nàka sí ibì kan nílẹ̀, á ní, "Tí òkúta bá dé ibẹ̀ yẹn, kí wọ́n gbé oúnjẹ mi wá." Bí oúnjẹ bá ti jinná kí òkúta tó dé ibẹ̀, oúnjẹ ló máa dúró.

Ẹsẹ̀ méjèèjì á wà lórí ìtẹsẹ̀, omù tó ń ya òwú sọ́tọ̀ á máa gòkè sọ̀ kalẹ̀, ọ̀kọ̀ tó gbé òwú dání á máa ti ọwọ́ ọ̀tún bọ́ sí ọwọ́ òsì, asà á sì máa gbá òwú pọ̀, gbà, gbà, gbà. Ohun tí èmi máa ń wò ni àtàǹpàkò òsì rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á fi kan etí aṣọ, á fi rìn ín lọ síwá sẹ́yìn, ojú rẹ̀ kò sì ní sí níbẹ̀ rárá. Ó lè máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ. Etí aṣọ ni wọ́n fi ń mọ ahunṣọ gidi. Awẹ́ aṣọ òkè, ìyẹn ọ̀já aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ti ojú òfì jáde, kì í sábà fẹ̀ ju ìnṣì 4 sí 6 lọ. Kó tó di agbádá tàbí ìró, télọ̀ gbọ́dọ̀ rán ọ̀pọ̀ awẹ́ mọ́ra wọn. Bí etí awẹ́ kan bá fà wọlé níhìn-ín, tó yọ síta lọ́hùn-ún, kò sí bí télọ̀ ṣe lè mọ̀ ọ́n rán tó, aṣọ náà á hunjọ lójú rírán. Ti bàbá mi kì í hunjọ. Àwọn aláṣọ òkè tó ń kó ọjà lọ sí Ìbàdàn mọ̀ ọ́n mọ ìyẹn, wọ́n a sì ní kí wọ́n ya tirẹ̀ sọ́tọ̀.

Èmi obìnrin ni. Nígbà tiwa, òfì ọkùnrin kò kàn wá. Àwọn ìyá wa ní òfì tiwọn, èyí tó dúró lóòró, tí wọ́n fi ń hun aṣọ kíjìpá. Kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń yí, tí mo fi ń ká òwú fún un. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ bàbá ìgbà náà kì í bá ọmọbìnrin sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tí mo bá ti jókòó ti kẹ̀kẹ́, á ki oríkì mi, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ aṣọ fún mi.

Nínú aṣọ òkè, ẹtù ló fẹ́ràn jù lọ. Ẹtù gidi dúdú débi pé tí ẹ ò bá sún mọ́ ọn, ẹ ò ní rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ara rẹ̀ kọjá. Òwú tí wọ́n rẹ sínú aró, tí wọ́n sá, tí wọ́n tún rẹ, tí wọ́n tún sá ni. Nígbà tí bàbá mi wà lọ́mọdé, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá aláró ni wọ́n ti ń rẹ ẹ́: ewé ẹ̀lú tí wọ́n gún, tí wọ́n sù, tí wọ́n sá gbẹ, omi eérú tí wọ́n sẹ́, àti ìkòkò aró tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Bí wọ́n bá gbé òwú aró dé, bàbá mi á rin ín lómi díẹ̀, á fi nu àtẹ́lẹwọ́. Bí àtẹ́lẹwọ́ bá yí àwọ̀, òwú yẹn á padà sọ́dọ̀ ẹni tó rẹ ẹ́. Kò ní bínú, kò ní pariwo. Á kàn dá a padà.

Ṣáńyán ni baba aṣọ, kò sẹ́ni tí kò mọ ìyẹn láàárín wa. Inú ìtẹ́ kòkòrò kan tí wọ́n ń já lórí igi nínú igbó ni òwú ṣáńyán gidi ti ń wá. Wọ́n á sè é, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á wá ran án lówùú. Bó ṣe pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ yẹn ni Ọlọ́run ṣe dá a, wọn kì í pa á láró. Púpọ̀ nínú èyí tí à ń rà ní ṣáńyán lónìí, òwú ilé iṣẹ́ tí wọ́n pa láró kó lè jọ ọ́ ni. Bàbá mi hun irú rẹ̀ rẹpẹtẹ, àmọ́ kò purọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lójú mi báyìí, ẹnì kan ka owó sílẹ̀ fún un, inú ẹni náà ń dùn pé òun máa wọ ṣáńyán lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ òun. Bàbá mi ní, "Àwọ̀ ṣáńyán ni o. Kì í ṣe ṣáńyán." Ẹni náà kó owó rẹ̀, ó lọ rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí kò sọ bẹ́ẹ̀. Màmá mi bínú títí di alẹ́. Bàbá mi jẹun, ó kírun, ó sùn.

Kì í ṣe pé kò fẹ́ ohun tuntun o. Ọ̀dọ́ ni ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo dé tí gbogbo ìlú ń wá òwú tó ń kọ mànà, èyí tí wọ́n ń pè ní ṣáínṣáín. Ó hun ún, ó sì gbádùn rẹ̀. Ó hun aṣọ oníhò, ó já ọnà sí ara aṣọ, ó gba iṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀n látorí WhatsApp àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Ohun tí kò fẹ́ ni iṣẹ́ jákujàku. Nígbà tí aṣọ tí ẹ̀rọ hun láti Ṣáínà kún ọjà, tí oníbàárà ń sọ fún un pé owó ti ẹ̀rọ kéré sí tirẹ̀, kò bá wọn jà. Á gbé méjèèjì lé wọn lọ́wọ́, á ní kí wọ́n fún un pọ̀ kí wọ́n sì tú u sílẹ̀. Àwọn kan ṣì ra ti ẹ̀rọ nítorí owó wọn ò ká tirẹ̀, kò sì bú wọn.

Ọmọ iṣẹ́ tó bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kì í tètè jókòó sí òfì. Òwú tó bá já ni yóò kọ́kọ́ máa so. Nígbà ọyẹ́, òwú a máa gbẹ, a sì máa já ṣáá; wọ́n a fi omi ògì pa á, síbẹ̀ á já. Ọmọ iṣẹ́ á so ó títí kókó rẹ̀ kò fi ní ṣeé fọwọ́ bà lójú aṣọ. Àwọn kan sá lọ nítorí èyí. Àwọn tó dúró ló gba fírídọ́ọ̀mù, àwọn náà ti di ọ̀gá báyìí, àwọn ni wọ́n gbé òkú rẹ̀.

Musulumi ni wá, nítorí náà aṣọ funfun gbẹrẹfu ni wọ́n fi sin ín, lọ́jọ́ tó kú gan-an. Bó ṣe yẹ nìyẹn, òun náà kò ní fẹ́ òmíràn. Àmọ́ lọ́jọ́ fídáù, bàbá àgbà kan tí mi ò mọ̀ rí wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Kò sọ pé bàbá mi gbìyànjú. Ó gbé apá agbádá ẹtù tó wọ̀ sókè, ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi etí rẹ̀ hàn mí, ó ní, "Ọwọ́ ẹ̀ nìyí. Mo ti ń wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bí ẹ." Ìgbà yẹn ni mo sunkún.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tí a bá ṣe ìyàwó, a ó dárúkọ ẹni tó rán aṣọ, ẹni tó wé gèlè, ẹni tó kun ojú ìyàwó, ẹni tó ya fọ́tò, ẹni tó ṣe àkàrà òyìnbó. A ó tàágì wọn níkọ̀ọ̀kan, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ta ló hun aṣọ òkè náà? Ẹni tó tà á gan-an lè má mọ̀. Èèyàn lè fi gbogbo ayé rẹ̀ wọ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá láṣọ, kí orúkọ rẹ̀ má sì jáde ju agboolé rẹ̀ lọ. Mi ò gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ bi aláṣọ yín. Bí kò bá mọ̀, ẹ ní kó béèrè. Ẹ kọ orúkọ ahunṣọ síbi tí ẹ kọ tàwọn yòókù sí.

Àwa ọmọ rẹ̀ ti ń wá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kiri, torí kò fi púpọ̀ sílẹ̀ nílé. Títà ló ń tà á. Àmì kan wà tó máa ń fi sí ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo awẹ́ tó bá hun: ìlà òwú funfun mẹ́ta tó sún mọ́ra, àlàfo díẹ̀, lẹ́yìn náà ìlà kan ṣoṣo. Wọ́n sábà máa ń ká a mọ́ inú ìṣẹ́tí, ẹ ò lè rí i lójú aṣọ. Bí ẹ bá ní ẹtù àtijọ́ nílé, ti bàbá yín tàbí ti ìyá yín, tí ẹ sì mọ̀ pé Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti hun ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ìṣẹ́tí rẹ̀ wò. Tí ẹ bá rí àmì yẹn, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín àti ayẹyẹ tí wọ́n torí ẹ̀ hun ún. Mi ò ní gbà á lọ́wọ́ yín. A kàn fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni.