Ẹni tó kọ́kọ́ gbéra kọ́ ló yára jù

Bí ọmọ bá mọ eré sá, a ó ní kó gbá bọ́ọ̀lù, kó sì wá fò pẹ̀lú. A gbà pé nǹkan kan ṣoṣo ni ara yíyá, pé ẹni tí Ọlọ́run bá fún ti rí gbogbo rẹ̀ gbà. Ó dùn mí bí àwọn olùkọ́ eré ìdárayá ṣe ń fi èrò yìí ṣa ọmọ, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀.

Franklin Henry, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní Berkeley, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀ràn yìí. Ó wọn bó ṣe pẹ́ tó kí èèyàn tó gbéra lẹ́yìn tí àmì bá dún. Ó tún wọn bí apá rẹ̀ ṣe ń yára tó nígbà tó bá ti gbéra tán. Nígbà tó fi èkíní wé èkejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohunkóhun tó so wọ́n pọ̀. Ẹni tó tètè gbéra lè máa wọ́, ẹni tó pẹ́ kó tó gbéra sì lè máa fò bí ọfà.

Ẹ wo àṣekágbá mítà 100 ní Berlin ti Jámánì lọ́dún 2009. Richard Thompson ọmọ Trinidad ló kọ́kọ́ gbéra, ìṣẹ́jú-àáyá 0.119 lẹ́yìn ìbọn. Ti Usain Bolt jẹ́ 0.146. Bolt ló gba ipò kìíní, 9.58, tí ẹnikẹ́ni kò tíì sá jù ú lọ. Ipò karùn-ún ni Thompson wà pẹ̀lú 9.93.

Lójú Henry, ọgbọ́n ara kọ̀ọ̀kan ni ọpọlọ ń tọ́jú lọ́tọ̀, kì í ṣe inú ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ti ń jáde. Agbára àti èémí lè ti orí eré kan bọ́ sí òmíràn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọwọ́ kì í sábà bá wọn lọ. Lọ́dún 1993, Michael Jordan, ìlúmọ̀ọ́ká nínú básíkẹ́tìbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà, fi eré náà sílẹ̀, nígbà tó di 1994 ó lọ gbá baseball, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, ní Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama. Ìgbà 114 ni wọ́n dá a padà lọ jókòó láìrí bọ́ọ̀lù gbá.

Èyí tó wù mí jù nínú iṣẹ́ Henry ni ti ọdún 1952, nígbà tó wọn agbára tí àwọn asáré fi ń ti irin ìtẹsẹ̀ nígbà ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá kó ẹsẹ̀ méjèèjì súnmọ́ra, tó ku ínṣì 11 péré láàárín wọn, wọ́n máa ń tètè kúrò lórí irin ju bí wọ́n bá fi ínṣì 16 sí i lọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi agbára tó pọ̀ tó kúrò. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé yáàdì 10, ínṣì 16 ti borí.