Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́

Bí àgbà bá pa òwe yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé kéèyàn lọ sí ìlú òkèèrè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀kẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹran kékeré tó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka ni. Bí ìró mọ́tò bá ti dún, ó ti wọ inú ewé lọ. Ẹni tó wọkọ̀ láti Adó-Èkìtì dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lè kọjá lábẹ́ ọ̀kẹ́rẹ́ rẹpẹtẹ kó má rí ìrù ẹyọ kan, áḿbọ̀sì kó rí èyí tó yọ iké. Rírìn ni òwe dárúkọ, kò dárúkọ ọkọ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ohun tí òun lè fi ayé òun ṣe, tó ti bèèrè lọ́wọ́ pásítọ̀, lọ́wọ́ àáfà, lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, tí ọ̀rọ̀ ò tíì yé e, a gbà á nímọ̀ràn kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bèèrè wò: kó dá rìn, kó rìn jìnnà, kó sì máa ṣe é léraléra.

Ẹ má pè é ní àṣà àjèjì. Ẹsẹ̀ ni àwọn òṣómàáàló Ìjẹ̀ṣà, àwọn tó ń ta aṣọ láwìn, fi ń gbé aṣọ kiri ìlú dé ìlú láyé àtijọ́. Ó ń bẹ lókè òkun pẹ̀lú: ní erékùṣù Shikoku ní Japan, àwọn ènìyàn ṣì ń rin bíi kìlómítà 1,200 yí tẹ́ḿpìlì 88 ká, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń dá rìn ín.

Ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ba irú ìrìn yìí jẹ́. Ìléròrò tí kò ju hóró àgbàdo lọ lè gba ọkàn ènìyàn láti àárọ̀ dé alẹ́, tó fi jẹ́ pé ìrora gìgísẹ̀ nìkan ló rò délé. Ooru, òógùn àti bí bàtà ṣe ń ha ara ni wọ́n ń pawọ́ pọ̀ bí ìléròrò, nítorí náà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ó dènà. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ ra bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti wú díẹ̀, kí àyè àtàǹpàkò kan sì wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù àti imú bàtà. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà, ẹ wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó gbé e dé ọ̀nà jíjìn. Ìbọ̀sẹ̀ olówùú nípọn, ó sì rọni lọ́rùn nínú ilé, àmọ́ bó bá ti mu òógùn, kì í tètè gbẹ. Èyí tó fẹ́lẹ́ tó sì ń tètè gbẹ ló dáa. Ẹ mú òmíràn dání, kẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí ìrìn bá pé ìdajì. Ẹ fi òrí pa àárín ọmọ ìka àti gìgísẹ̀ kẹ́ ẹ tó jáde.

Bí ibì kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó yín nínú bàtà, ẹ dúró níbẹ̀ gan-an. Ẹ má sọ pé ẹ ó dúró tẹ́ ẹ bá dé iwájú. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ nu ibẹ̀ gbẹ, ẹ lẹ pílásítà mọ́ ọn kó tẹ́ dáadáa, nítorí pílásítà tó bá kákò á tún bí ìléròrò tiẹ̀. Bí ìléròrò bá ti yọ tó sì kéré, ẹ má tú u. Bó bá tóbi tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ lè tẹsẹ̀, ẹ fi sípíríìtì nu abẹ́rẹ́, ẹ gún un létí, ẹ rọra tẹ omi jáde, kẹ́ ẹ fi awọ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe bò ó. Awọ yẹn ni ìdérí ojú egbò. Bó bá ṣọyún tàbí tí pípọ́n rẹ̀ ń ràn gòkè, ilé ìwòsàn ló kàn.

Òkè ni ilẹ̀ Èkìtì, gbogbo wa la mọ̀, bẹ́ẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pa ẹsẹ̀ lára ju ìgòkè lọ. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ọmọ ìka á máa forí sọ imú bàtà. Nígbà tó bá fi dọjọ́ kejì, èékánná ti dúdú. Ẹ gé èékánná ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ so okùn bàtà le níbi ọrùn ẹsẹ̀ kí gìgísẹ̀ má bàa máa yọ̀, ẹ jẹ́ kí ìṣísẹ̀ kúrú, kí orúnkún sì tẹ̀ díẹ̀.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ìgbín ń gun igi. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ rin kìlómítà 5 lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi kìlómítà 2 tàbí 3 kún ti ọjọ́ Sátidé nìkan: 8, lẹ́yìn náà 10, lẹ́yìn náà 13. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló léwu jù. Èémí ti já gaara, ara ń sọ pé òun lè ṣe 20, ṣùgbọ́n iṣan tó so ẹran mọ́ egungun kì í le kíákíá bí èémí ṣe ń gùn; ibẹ̀ ni ojúgun àti àtẹ́lẹsẹ̀ ti ń dá ènìyàn dúró fún oṣù kan gbáko.

Láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́ tó kìlómítà 15, ó tilẹ̀ lé díẹ̀. Ẹni tó ń rin kìlómítà 4 ní wákàtí kan, tó sì ń sinmi ìṣẹ́jú 10 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, bó bá jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, yóò rí òkè Olósùnta níwájú kí oòrùn tó mú ganrín. (Ibi ọ̀wọ̀ ni òkè yẹn, ẹ bèèrè lọ́wọ́ onílé kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀ lé e.) Omi ọ̀rá kan fún wákàtí kan, ìyẹn ìdajì lítà, ni ká fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ má gbé e mu lẹ́ẹ̀kan. Ẹ máa mu díẹ̀díẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 sí 20. Omi lásán nìkan lórí òógùn púpọ̀ a máa dín iyọ̀ ara kù: orí á fọ́, inú á máa rìn, ìka ọwọ́ á wú. Ẹ̀pà oníyọ̀ dáa fún un, tàbí kẹ́ ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà omi kan. Ẹrù ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́wàá ìwọ̀n ara lọ. Ẹni tó wọn kílò 60, kílò 6 tó o. Iyán loúnjẹ ní tòótọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kó dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá dé.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Apá òsì ọ̀nà ni kẹ́ ẹ máa rìn, kẹ́ ẹ lè máa kojú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má fi nǹkan dí etí.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fojú fò. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà ní Èkìtì, wọ́n sì jí àwọn ọmọ ilé-ìwé gbé ní Èmùré. Kéèyàn dá rìn kò túmọ̀ sí kó rìn níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí. Ẹ fi ọ̀nà inú igbó sílẹ̀, ẹ rìn níbi tí ọkọ̀ àti ènìyàn ti ń kọjá, ẹ má sì jẹ́ kílẹ̀ ṣú bá yín. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà: ẹ kí àwọn tó ń tajà létí títì, ẹ bi wọ́n bí iwájú ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn. Kí ẹnì kan nílé mọ ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà àti aago tẹ́ ẹ máa pè é. Bí ìdajì wákàtí bá kọjá lórí aago yẹn tí kò gbọ́ yín, kó mọ ẹni tí yóò pè.

Tí ara bá ti balẹ̀ báyìí, ọkàn á ráyè. Kò sí bí a ṣe máa rìn kí orí má mì: ní wákàtí kìíní, gbèsè, ìjà àná àti owó ilé-ìwé ọmọ ni yóò máa jà nínú orí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. “Kí ni mo wá ṣe láyé?” ti tóbi jù láti gbé rìn, ẹ gbé ìbéèrè kékeré kan ṣoṣo dání, bíi “Iṣẹ́ wo ni mo máa ń ṣe tí n kì í ránti wo aago?” Nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti ń gbé ara rẹ̀, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan: obìnrin tó ń fi ọwọ́ wo bí gàrí ṣe gbẹ tó nínú agbada, ọmọ iṣẹ́ káfíńtà tó ń wọn pákó kan náà lẹ́ẹ̀mejì kó tó fi ayùn lé e. Ẹ kíyè sí èyí tó mú yín dẹ ìrìn láìmọ̀. Bóyá abuké ọ̀kẹ́rẹ́ yín nìyẹn. (Ẹni tí ìbànújẹ́ rẹ̀ wúwo débi pé oúnjẹ àti oorun ti sá fún un, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí.)

Ẹ má pinnu nǹkan ńlá lálẹ́ ọjọ́ ìrìn, àárẹ̀ ń pa irọ́. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹsẹ̀, ẹ nu àárín ọmọ ìka gbẹ, ẹ ki ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú bàtà kó fa omi rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìlà mẹ́ta péré sínú ìwé: ohun tí ojú rí, èrò tó padà wá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àti iṣẹ́ kékeré kan tẹ́ ẹ ó ṣe kí Sátidé mìíràn tó dé. Bí èrò kan náà bá wà nínú ìlà kejì fún ìrìn mẹ́ta léraléra, ẹ wá ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà nítòsí, kẹ́ ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó tì í fún ọjọ́ kan.